Kí Wọ́n Tó Wó Ilé, Kí Ni Tiwa Níbẹ̀?

Lórí ojú ewé okòwò tòní, ọ̀rọ̀ ilé wíwó la mú wá. Àwa ará Peckham kò ṣàjèjì sí i. A rí bí wọ́n ṣe wó North Peckham Estate. Ní ọdún 2017, wọ́n rí ibi tó sán lára ilé gíga mẹ́rin ti Ledbury Estate. Ní ọdún 2021, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ dìbò pé kí wọ́n wó wọn.

Bí lẹ́tà bá dé, ọ̀pọ̀ wa a máa sáré di ẹrù, a ó sì fi síǹkì àti kọ́bọ́ọ̀dù tí a fowó ara wa ṣe sílẹ̀ fún katapílà. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀.

Èkíní: ta ló ni ín? Ohun tí káńsù fi síbẹ̀, ti káńsù ni, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ wó ilé náà. Èyí tí ẹ fi síbẹ̀ fúnra yín, ẹ gba ìyọ̀ǹda nínú ìwé, kí ẹ tú u kí ẹ tó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ẹni tó ń ta fúláàtì rẹ̀ fún káńsù, kí ó sọ ohun tí yóò mú lọ kí ó tó fọwọ́ síwèé.

Èkejì: owó lè wà níbẹ̀. Ayálégbé káńsù tó gbàṣẹ kó tó ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1994 lè bèèrè owó nígbà tó bá ń kó jáde, láti £50 dé £3,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ bèèrè láàárín ọjọ́ 28 ṣáájú kí ẹ tó kúrò àti ọjọ́ 14 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ẹ bi wọ́n léèrè èyí kí ẹ tó tú ohunkóhun.

Ẹ̀kẹta: ẹ̀mí ṣáájú. Ẹni tó wà nínú Gas Safe Register nìkan ni kó tú ohun tó ń lo gáàsì. Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 2000 lè ní asbestos nínú àjà tàbí lára páìpù. Ẹ má gbẹ́ ẹ, ẹ má lù ú.

Ẹ̀kẹrin: bí ẹ bá fẹ́ ta idẹ tàbí bàbà tó jẹ́ tiyín, òfin ọdún 2013 kò gbà kí ẹni tó ń ra irin àlòkù san owó lé yín lọ́wọ́. Báǹkì ni owó ń gbà, yóò sì wo ìwé ìdánimọ̀ yín.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ; lẹ́tà káńsù ni kí ẹ wò kí ẹ tó tú kọ́bọ́ọ̀dù. A ò ní sọ ilé nù, ká tún sọ owó nù. Àmín.