Ọ̀rọ̀ Omi Iyọ̀ àti Tẹlifóònù Ọwọ́ Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò rò pé ẹ ti gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí ẹ̀rù àrùn Ebola gba ilẹ̀ Nàìjíríà kan. Lóru ọjọ́ kan, àtẹ̀jíṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ tẹbí-tará: kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá ń jí ọmọ, ọmọ ń pe bàbá ní ìlú mìíràn. Kò sí ẹni tí ó béèrè dókítà tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé irọ́ ni, àti pé ó kéré tán, ènìyàn 2 ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé ìfẹ́ ni wọ́n fi fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́, kì í ṣe ìkà. Ojú oorun ni wọ́n sì fi kà á.

Lórí WhatsApp lónìí, ọfà méjì ni a ń rí lórí ọ̀rọ̀ tí ó ti gba ọwọ́ ènìyàn púpọ̀ kọjá. Bí àwa bá ti rí i, a óò béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹnu ta ni ẹ ti gbọ́ ọ?” Àwọn àgbà kan máa ń bínú, a ń tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n a kì í fi ránṣẹ́. Láti aago 10 alẹ́ títí di aago 6 òwúrọ̀, a máa ń pa tẹlifóònù wa. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ti kíákíá mọ ilẹ̀kùn wa.