Inú àgọ́ ni wọ́n ń sùn, ẹ̀gbẹ́ ikú ni wọ́n ń jókòó sí: Ohun tó ń gbé àwọn olólùfẹ́ alùpùpù àtijọ́ lọ sí Isle of Man lọ́dọọdún

Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá wo àwọn èèyàn tó nílé tó dáa, tí wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì tó rọ̀, àmọ́ tó jẹ́ pé lọ́dọọdún ni wọ́n ń fowó ara wọn lọ sùn sórí koríko tútù, tójò ń pa wọ́n, torí kí wọ́n lè rí alùpùpù tó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ tó ń sáré kọjá níwájú wọn, ẹ lè ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ó wà o. Ìparí oṣù kẹjọ ni wọ́n máa ń ṣe é ní Isle of Man, erékùṣù kékeré tó wà lórí omi láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi 84,000 lọ, àmọ́ tó bá ti di àsìkò eré, ńṣe làwọn àlejò máa ń ya wọ ibẹ̀ wìtìwìtì, tàwọn ti alùpùpù wọn.

Manx Grand Prix ni wọ́n ń pe eré ọ̀hún. Ọdún 1923 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fáwọn tí kì í ṣe alùpùpù gígùn ni wọ́n fi ń jẹun, ọdún 1930 ni wọ́n sì fún un lórúkọ tó ń jẹ́ dòní. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni TT, èyí tí gbogbo ayé mọ̀, tó ti wà láti 1907. Ṣé ẹ ó máa wò ó pé kí ló dé tó fi jẹ́ erékùṣù kékeré bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ? Òfin ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, wọn ò gbọ́dọ̀ ti títì ìjọba pa nítorí eré ìje, ogún máìlì péré ni wọ́n sì ní kí ọkọ̀ máa sá láàárín wákàtí kan. Àmọ́ Isle of Man ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tiwọn, Tynwald lorúkọ ẹ̀, àwọn yẹn ló ṣòfin lọ́dún 1904 pé wọ́n lè ti ọ̀nà pa kí ọkọ̀ fi sáré. Láti orí ọkọ̀ ni wọ́n ti bọ́ sórí alùpùpù, kò sì tíì kúrò ńbẹ̀ dòní.

Títì tí wọ́n sì ń lò yìí, kì í ṣe pápá tí wọ́n dìídì ṣe fún eré o. Ọ̀nà táwọn èèyàn ń gbà lọ sọ́jà, táwọn ọmọ ń gbà lọ síléèwé ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Douglas tó jẹ́ olú ìlú, ó gba àárín abúlé kọjá, ó gun ẹ̀gbẹ́ òkè Snaefell, ó wá yí po padà sí Douglas. Máìlì 37.73 ni gbogbo ẹ̀, ìyẹn bíi kìlómítà mọ́kànlélọ́gọ́ta, kọ́nà ibẹ̀ sì ju igba lọ. Ògiri òkúta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òpó iná wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ilé onílé náà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó wó ìkankan. Tìmùtìmù ńláńlá ni wọ́n kàn fi ń bo àwọn ibi tó léwu jù. Ẹ̀yìn irú ògiri bẹ́ẹ̀ làwọn òǹwòran máa ń jókòó sí, kì í sì í jìnnà sí ojú ọ̀nà rárá. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ èèyàn kó tó jókòó.

Ohun tó ń fa àwọn tó ń pàgọ́ síbẹ̀ gan-an nìyẹn. Wọ́n fẹ́ sún mọ́ ọn.

Wàhálà wọn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ ojú omi. Heysham tàbí Liverpool lọ̀pọ̀ wọn ti ń wọkọ̀, ẹni tó bá sì fi ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì falẹ̀, ó lè má ráàyè tó máa gbé alùpùpù ẹ̀ sí mọ́. Inú abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ti máa ń fokùn de àwọn alùpùpù mọ́lẹ̀ ní tẹ̀létẹ̀lé bí màlúù ọ̀dún, torí omi ibẹ̀ máa ń ru. Ẹni tí èébì ò gbé lójú omi, á dúpẹ́ lọ́wọ́ orí ẹ̀.

Tí wọ́n bá wá gúnlẹ̀, pápá bọ́ọ̀lù àti oko àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ń pàgọ́ sí. Nobles Park wà ní Douglas, kò jìnnà síbi tí eré ti ń gbéra, àmọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń fẹ́ ibi tí títì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá gẹ́lẹ́, débi pé èèyàn lè gbé tíì ẹ̀ dání láti ẹnu àgọ́, kó rìn bí ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan, kó sì bá eré. Kò sẹ́ni tó kàn lè já wọ oko olóko kó ní òun fẹ́ pàgọ́ o, wọ́n gbọ́dọ̀ gbàyè.

Ìgbé ayé inú pápá yẹn, ọ̀tọ̀ ni. Láàárọ̀, ẹ óò rí ọ̀gá báńkì tó wọ sálúbàtà, tó fa búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín sétí, tó tò sẹ́yìn awakọ̀ ẹrù níbi tí wọ́n ti fẹ́ wẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n pé iṣẹ́ kí ni wọ́n ń ṣe. Alùpùpù tí kálukú gùn wá ni wọ́n ń bira wọn. Ẹni tí tiẹ̀ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà ò ní í dá jókòó, kíá ni mẹ́ta mẹ́rin wọn á ti rọ̀gbà yí i ká, tí oníkálukú á máa sọ ohun tó ṣe é, tí wọn ò sì ní í gbà fúnra wọn. Sítóòfù gáàsì kékeré ni wọ́n fi ń dín ẹyin àti sọ́séèjì. Tójò bá dé lóru, tí omi gba abẹ́ àgọ́ wọlé, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìbọ̀sẹ̀ tútù àti bẹ́ẹ̀dì tútù, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é kó dùn, ká má parọ́.

Àwọn ará ibẹ̀ náà sì ní ìtàn tiwọn. Wọ́n ní òòṣà omi kan wà tó ń jẹ́ Manannán, pé òun ló máa ń fi aṣọ ìkùukùu bo erékùṣù náà kí ọ̀tá má baà rí i. Àlejò lè fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ tí ìkùukùu ọ̀hún bá ti bo orí òkè Snaefell pẹ́nrẹ́n, hẹlikọ́pítà tó ń gbé àwọn tó bá fara pa kò ní í lè fò, tí hẹlikọ́pítà ò bá sì lè fò, eré ò lè wáyé. Gbogbo èrò á kàn jókòó, wọ́n á máa wojú òkè. Afárá kan tún wà lójú ọ̀nà tó lọ láti Douglas sí Castletown, wọ́n ní àwọn iwin kéékèèké ló ń gbé abẹ́ ẹ̀, pé ẹni tó bá ń kọjá gbọ́dọ̀ kí wọn. Òyìnbó tó kàwé yanjú, tó ń gun alùpùpù olówó ńlá, ẹ óò rí i tó ń jupá sí iwin. Àwa nìkan kọ́ la ń bẹ̀rù nǹkan tójú ò rí.

Lọ́jọ́ eré, wọ́n á ti títì pa, òfin ló sì tì í. Ẹni tó bá dá ẹsẹ̀ kan sórí ẹ̀, ilé ẹjọ́ ló ń lọ. Ẹni tó bá sì pàgọ́ sí inú, tó wá lọ ra búrẹ́dì ní ìta, kò ní í lè sọdá padà títí wọ́n á fi ṣí i, àfi tó bá ráfárá ẹlẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé oúnjẹ, omi, aṣọ òjò àti rédíò kékeré dání láti àárọ̀. Rédíò yìí ṣe pàtàkì gan-an. Wọn kì í tú àwọn eléré sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló máa ń wà láàárín ẹni kan àti ẹnì kejì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá lójú yín lè máà jẹ́ òun ló ń ṣáájú. Manx Radio nìkan ló lè sọ fún yín pé ta ló ń fi ìṣẹ́jú àáyá mélòó na ta.

Kí rédíò tó sọ̀rọ̀ tán, ariwo á ti dé. Norton Manx tí wọ́n ṣe títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tó jẹ́ pé orúkọ eré yìí gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́, ohùn ẹ̀ wúwo bí ìlù. Ti MV Agusta àwọn ará Ítálì ní tiẹ̀ máa ń han fààà ni. Tó bá ti kọjá tán, òórùn kan á ṣẹ́kù sẹ́yìn, òórùn Castrol R, epo tó jẹ́ pé epo lárà ló wà nínú ẹ̀. Àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ní òórùn yẹn nìkan tó owó ọkọ̀. Eré alùpùpù àtijọ́ yìí, ọdún 1983 ni wọ́n fi kún Manx Grand Prix. Láti 2013 sí 2019, Classic TT ni wọ́n ń pè é, Kòrónà ò jẹ́ kí wọ́n ṣe é ní 2020 àti 2021, nígbà tó sì padà wá ní 2022, wọ́n ti dá a padà sábẹ́ orúkọ ilé ẹ̀, wọ́n tún gé e kúrú sí ọjọ́ mẹ́sàn-án. Inú ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pàgọ́ ò dùn sí gígé tí wọ́n gé e yẹn.

Lálẹ́, ìtàn ni. Ìjà 1967 kì í tán lẹ́nu wọn. Mike Hailwood wà lórí Honda, Giacomo Agostini wà lórí MV Agusta, wọ́n ń lé ara wọn bọ̀, Agostini ti ń ṣáájú díẹ̀, àfi bí ṣéènì alùpùpù ẹ̀ ṣe já. Hailwood ló gbà á. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń sọ pé ká ní ṣéènì yẹn ò já ni. Hailwood fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún náà, ọdún mọ́kànlá ló lò kó tó padà ní 1978, ó ti pé ọmọ ọdún 38, wọ́n rò pé ó kàn wá ṣeré ni, ló bá gun Ducati, ló bá tún gbégbá orókè. Ní 1981, ó wa mọ́tò jáde nílé pé kóun ra ẹja díndín àti ọ̀dùnkún, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀, ni ọkọ̀ akẹ́rù kan bá yí padà níwájú wọn. Ó kú, ọmọbìnrin ẹ̀ náà kú. Ẹni tí Isle of Man ò pa!

Agostini ní tiẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀, Gilberto Parlotti, kú níbẹ̀ nínú òjò lọ́dún 1972. Ó ní òun ò díje níbẹ̀ mọ́, kò sì díje níbẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Ní 1976, wọ́n yọ TT kúrò nínú ìdíje àgbáyé.

Ibí lọ̀rọ̀ wá le sí. Láti 1911 tí wọ́n ti ń lo ọ̀nà òkè yẹn, àwọn eléré tó ti kú sórí ẹ̀ ti ju 260 lọ. Ní TT 2022 nìkan, mẹ́fà ló kú. Òǹwòran náà ò yọ sílẹ̀: ní 2007, eléré kan já kúrò lójú ọ̀nà, òun àti òǹwòran méjì ló kú. Ẹ wo ẹbí Dunlop láti Northern Ireland. Joey gba TT nígbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó máa ń fi ọkọ̀ ẹ̀ kó oúnjẹ lọ fáwọn ọmọ aláìlóbìí ní Romania, eré ìje ló pa á ní Estonia ní 2000. Àbúrò ẹ̀, Robert, kú sídìí eré ní 2008. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Michael ọmọ Robert gun alùpùpù lórí títì kan náà tí bàbá ẹ̀ kú sí, ó sì gbégbá orókè. William ọmọ Robert kú ní 2018. Michael ò fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ní 2024 ló kọjá iye tí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀, Joey, gbà. Ère Joey wà lórí òkè níbẹ̀, ó jókòó sórí Honda ẹ̀, àwọn tó ń pàgọ́ máa ń gòkè lọ yà á ní fọ́tò.

Nítorí náà, tí rédíò bá sọ lójijì pé wọ́n ti ju àsíá pupa, ẹ kò ní í gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ògiri. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ohunkóhun. Wọ́n á máa tẹ́tí sí ìró hẹlikọ́pítà, tó bá ti balẹ̀, tí kò tètè gbéra, wọ́n ti mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìná sítóòfù á ṣì máa jó nínú pápá, àmọ́ kò ní í sí ẹ̀rín. Àwọn kan á ní àwọn ò wá mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀rí ọkàn wọn á sì máa bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó fipá mú àwọn eléré yẹn. Òótọ́ ni, àmọ́ tí kò bá sí ẹni tó jókòó sẹ́yìn ògiri, ṣé wọ́n á sáré náà?

Àwọn kan ti wá ọ̀nà mìíràn gbé e gbà. Dípò kí wọ́n kàn máa wò, wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ láti di marshal, àwọn tó ń ju àsíá, tó ń gbá òkúta kúrò lójú ọ̀nà, tó kọ́kọ́ ń sáré dé ọ̀dọ̀ ẹni tó bá ṣubú. Wọn kì í sanwó fún wọn. Tí wọn ò bá sì pé iye tó yẹ, wọn ò ní í tú alùpùpù kankan sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn, ẹni tó ń sùn nínú àgọ́ ni.

Ọjọ́ Mọ́ńdè tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe ìsinmi ni gbogbo ẹ̀ máa ń parí. Ní kété tí wọ́n bá ti ṣí ọ̀nà, àwọn àlejò náà á gun alùpùpù tiwọn gba ọ̀nà kan náà, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, orí òkè ibẹ̀ sì láwọn ibi tí òfin ò ti ní kéèyàn sáré mọ níwọ̀n, èyí tó ti kó bá ẹlòmíì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tú àgọ́. Níbi tí àgọ́ kọ̀ọ̀kan wà, koríko ti pọ́n bí ìgbà tí wọ́n tẹ́ ẹní sí i. Wọ́n á di ẹrù tó ṣì tutù mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, wọ́n á tò létí omi, wọ́n á sì máa bi ara wọn pé ìgbà wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ọdún tó ń bọ̀.