Orí Pípá: Ṣé Bàbá Ló Fà Á Ni, àbí Bàbá Ìyá?

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù bábà kan lẹ́bàá Ọlá-Ìyá ní Òṣogbo. Bábà náà gé irun mi dé iwájú orí, ó dáwọ́ dúró, ó pa kílípà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kúkú fá gbogbo ẹ̀ ni? Iwájú yìí ti ń sá sẹ́yìn o." Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Ọmọ ọdún 26 ni mí nígbà yẹn.

Mo délé, mo fi fóònù ya àtàrí mi. Igun méjèèjì iwájú orí ti lọ sẹ́yìn, àwọ̀ orí sì ti ń hàn láàárín àtàrí. Láti ọjọ́ náà, fìlà ò kúrò lórí mi mọ́. Mo ra òróró kan tí wọ́n ń polówó pé ó ń hu irun láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Owó oúnjẹ mi ló bá a lọ. Irun ò hù, awọ orí mi ló bó. Àǹtí mi kan ní kí n lọ gbàdúrà, pé aráyé ló fọwọ́ pa mí lórí.

Tó bá jẹ́ pé ìwọ náà ti ń ka irun tó já sórí ìrọ̀rí ẹ láràárọ̀, jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí kàn ẹ́.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lórí gan-an?

Orí èèyàn ní ihò irun tó tó bíi 100,000. Ihò kọ̀ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Irun kan lè máa dàgbà fún ọdún méjì sí mẹ́fà, á máa fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan gùn sí i lóṣù. Lẹ́yìn ìyẹn, ihò náà á dẹwọ́ iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, á wá sinmi fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Irun àtijọ́ á já, tuntun á hù. Ìdí nìyẹn tí irun 50 sí 100 fi ń já lójúmọ́ lórí ẹni tí ara ẹ̀ le koko. Ìyẹn kì í ṣe àrùn.

Ohun tó yàtọ̀ nínú orí pípá àjogúnbá ni pé àkókò ìdàgbà yẹn ń kúrú sí i. Ihò irun náà fúnra ẹ̀ ń kéré sí i. Irun tó nípọn á di tẹ́ẹ́rẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́ á di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti ọmọ tuntun. Wo orí apárí kan dáadáa nínú oòrùn, wàá rí i pé irun kéékèèké ṣì wà níbẹ̀. Ihò irun náà ò tíì kú, ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ó sì ní ọ̀nà tó máa ń gbà. Igun méjèèjì iwájú orí ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, àtàrí á tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì á wá pàdé. Èyí tó wà lẹ́yìn orí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí á ṣẹ́ kù bí ọgbà tó yí ilé ká. James Hamilton ní Amẹ́ríkà to àwọn ìpele yìí lẹ́sẹẹsẹ ní ọdún 1951, O'Tar Norwood tún un ṣe ní 1975. Ìpele méje ni àwọn dókítà ń lò títí di òní.

Òṣómàáló inú ara

Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ òṣómàáló. Láyé àtijọ́, oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà á gbé aṣọ lọ sí ìlú jíjìn, á tà á láwìn. Tó bá dọjọ́ owó, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà ẹ̀, kò sì ní dìde títí wọ́n á fi san án.

Nínú ara ọkùnrin, họ́mọ̀nù kan wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. DHT lorúkọ ẹ̀. Ara testosterone ló ti ń wá: ẹ́ńsáímù kan tó ń jẹ́ 5-alpha reductase ló ń sọ testosterone di DHT. DHT ní iṣẹ́ gidi tó ń ṣe. Ó wà lára ohun tó ń mú irùngbọ̀n hù, òun náà ló ń mú próstéètì dàgbà. Ṣùgbọ́n lórí àwọn ọkùnrin kan, ihò irun iwájú orí àti ti àtàrí máa ń gbọ́ ohùn DHT ju bó ṣe yẹ lọ. Òṣómàáló ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún, ihò irun náà á máa san gbèsè.

Ṣé o rí ohun ìyanu ibẹ̀? Họ́mọ̀nù kan náà tó ń mú irùngbọ̀n kún ló ń mú irun orí dínkù. Inú ihò irun ni ìyàtọ̀ wà. Ní àwọn ọdún 1950, dókítà Norman Orentreich ní New York fi èyí hàn kedere. Ó gbé irun láti ẹ̀yìn orí, ó gbìn ín síwájú tó ti pá. Irun náà ń hù lọ bíi pé ẹ̀yìn orí ló ṣì wà. Orí ìmọ̀ yẹn ni iṣẹ́ abẹ irun gbígbìn dúró lé títí dòní.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún ẹ pé apárí lágbára ọkùnrin ju ẹlòmíràn lọ, bá a ṣeré lásán ni. Iye testosterone tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ apárí ò yàtọ̀ sí ti ẹni tí irun ẹ̀ pé pérépéré.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n?

Ní 1942, Hamilton kan náà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá kí wọ́n tó bàlágà. Orí wọn ò pá. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní testosterone, irun àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, pàápàá àwọn tí apárí wà nínú ìdílé wọn. Irun àwọn yòókù dúró. Ohun méjì ni èyí kọ́ wa. Láìsí họ́mọ̀nù, orí ò ní pá. Láìsí àjogúnbá, họ́mọ̀nù nìkan ò tó.

Ní 1974, Julianne Imperato-McGinley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn ìdílé kan ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic. Àwọn ọmọkùnrin kan níbẹ̀ ò ní ẹ́ńsáímù tó ń ṣe DHT bó ṣe yẹ. Wọ́n dà bí obìnrin nígbà tí wọ́n bí wọn, àmọ́ nígbà tí wọ́n bàlágà, ara ọkùnrin yọ. Nígbà tí wọ́n dàgbà, próstéètì wọn kéré, orí wọn ò sì pá. Ibẹ̀ ni àwọn aṣoògùn ti rí i pé tí wọ́n bá lè dí ẹ́ńsáímù yẹn lọ́wọ́, wọ́n á rí nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ próstéètì àti orí pípá.

Ṣé bàbá ìyá ló fà á lóòótọ́?

Ó dájú pé o ti gbọ́ ọ rí: "Orí bàbá ìyá ẹ ni kó o wò." Mo sáré lọ bá ìyá àgbà ní Iléṣà. Fọ́tò bàbá ìyá mi wà lára ògiri pálọ̀, ṣùgbọ́n abetí ajá ló dé nínú ẹ̀. Mo bi màmá pé, "Màmá, ṣé orí bàbá pá?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Irun orí bàbá ẹ? Wọ́n fá a títí, abẹ ń kú. Títí wọ́n fi lọ, irun wọn pé." Ó wá yà mí lẹ́nu. Ta ni mo wá fi orí jọ?

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ bàbá ìyá yẹn o. Àbùdá tó ń ṣètò bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń gbọ́ ohùn DHT wà lórí krómósómù X. Ọwọ́ ìyá ni ọkùnrin ti ń gba X, nítorí Y ni bàbá fún un. Ní 2001 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ so àbùdá yìí mọ́ orí pípá. Àmọ́ X méjì ni ìyá ní, ọ̀kan látọwọ́ bàbá ẹ̀, ọ̀kan látọwọ́ ìyá ẹ̀. Èyí tó kàn ẹ́ lè jẹ́ ti ìyá àgbà, ó sì lè jẹ́ àdàlù méjèèjì.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, àbùdá yẹn ò dá ṣiṣẹ́. Ní 2017, wọ́n wo àbùdá ọkùnrin tó lé ní 52,000 ní Britain, wọ́n rí ibi 287 tó lọ́wọ́ nínú orí pípá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sí lórí X rárá. Bàbá àti ìyá ló ń fún ọmọ ní ìwọ̀nyẹn. Bàbá mi ti pá láti ìgbà tí mo wà ní pámárì. Ojú ọ̀nà ló wà ní gbangba, èmi ni mò ń wá a lára ògiri.

Ibi tó kàn wá jù nìyí. Ara àwọn òyìnbó ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìwádìí yẹn. Láìpẹ́ yìí, ẹgbẹ́ ìwádìí MADCaP, tó ń wo jẹjẹrẹ próstéètì lára àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, gbé orí pípá yẹ̀ wò pẹ̀lú. Ọkùnrin tó lé ní 2,000 ló wà nínú ẹ̀, láti Nàìjíríà, Gánà, Senegal àti South Africa. Wọ́n rí i pé àjogúnbá ni lára tiwa náà, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n àbùdá tí wọ́n kó jọ lára òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ lè sọ ọkùnrin Áfíríkà tí orí ẹ̀ máa pá. Krómósómù X náà ò kó ipa ńlá tó ń kó lára wọn. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ ẹ pé òun á yẹ àbùdá ẹ wò, òun á sọ ọjọ́ tí orí ẹ máa pá, di owó ẹ mú.

Ohun tí kì í ṣe é

Fìlà kì í pa orí. Ọṣẹ kì í pa á. Bábà tó gé irun ẹ ní àgékanlẹ̀ kọ́ ló fà á, torí kílípà ò dé ibi tí gbòǹgbò irun wà. Aráyé náà kọ́.

Má fojú kékeré wo irú ìgbàgbọ́ báyìí. Ní 2017, ọlọ́pàá ní Mozambique kìlọ̀ fún àwọn apárí pé kí wọ́n ṣọ́ra, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa àwọn kan nítorí ẹni tó gbà pé góòlù wà nínú orí apárí. Àìmọ̀ yìí ti gba ẹ̀mí.

Kí la lè ṣe?

Oògùn méjì ló ní ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni minoxidil. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń lò ó ló ṣàdédé rí i pé irun ń hù sí wọn lára. Ní 1988, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún fífi pa orí. Ó máa ń gba oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kó o tó rí àyípadà, irun lè kọ́kọ́ já sí i níbẹ̀rẹ̀, tó o bá sì dáwọ́ dúró, èyí tó hù á padà lọ.

Ìkejì ni finasteride, tó ń dí ẹ́ńsáímù yẹn lọ́wọ́. Wọ́n fọwọ́ sí i fún próstéètì ní 1992, wọ́n fọwọ́ sí oníwọ̀n kékeré, mílígíráàmù kan, fún irun ní 1997. Má lọ dá rà á o. Ó ń dín ìfẹ́ ìbálòpọ̀ àwọn ọkùnrin kan kù. Aláboyún ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan èyí tó fọ́, torí ó lè ṣàkóbá fún ọmọkùnrin tó wà nínú. Ó tún ń dín èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA kù sí bí ìdajì, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò yẹn ni wọ́n fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ próstéètì, tó ń bá àwa aláwọ̀ dúdú jà jù. Tí dókítà ò bá mọ̀ pé ò ń lò ó, ó lè ka èsì ẹ sí pé kò sí nǹkan kan, nígbà tí nǹkan wà níbẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo irun tó bá já ló jẹ́ àjogúnbá. Tó bá já rìbìtì bíi kọ́ìnsì, tí orí ń yún ẹ tàbí tó ń hó, tí kókó ń so lẹ́yìn ọrùn ẹ lẹ́yìn ìgẹ̀run, tàbí tí irun ń já gan-an ní oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn àìsàn ńlá, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Wọ́n lè tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn kan sì lè dá àpá sórí títí láé tó o bá fi falẹ̀. Lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, bíi UNIOSUN Teaching Hospital ní Òṣogbo tàbí Wesley Guild ní Iléṣà, ní kí wọ́n darí ẹ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa awọ ara. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Má jẹ́ kí ẹni tí kò wo orí ẹ ta oògùn fún ẹ.

Ní ti èmi, mo padà lọ sílé ní Iléṣà lọ́dún tó kọjá. Mo bọ́ fìlà nínú pálọ̀. Dádì wo orí mi, wọ́n wo fọ́tò ìgbéyàwó wọn lára ògiri, níbi tí iwájú orí tiwọn náà ti ń sá sẹ́yìn. Mo ní, "Dádì, ogún tí ẹ fún mi rèé." Wọ́n fọwọ́ pa orí ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ilẹ̀ tí mo fẹ́ fún ẹ ṣì wà lóko. Èyí tó wà lórí ẹ yìí, èmi náà ò mọ̀ pé mo ti pín in."

Ọjọ́ kejì, mo padà sí Ọlá-Ìyá, mo ní kí bábà fá gbogbo ẹ̀ kanlẹ̀.