Ọ̀pá Ìkìbọn àti Ìtọ́jú Ìbọn Ṣakabùlà



Nígbà tí ọdún Ògún bá dé, ìbọn ṣakabùlà a máa ti orí àjà bọ́ sí ojú agbo. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ogún tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ, ọ̀pá tí wọ́n fi ń kì wọ́n sì ti sọnù. Ọmọ yóò wá gé igi tó bá kọ́kọ́ rí. Ibẹ̀ ni ewu ti ń wọlé.

Ẹnu ni ìbọn yìí fi ń jẹun. Ẹ̀tù ni ó ń kọ́kọ́ wọlé, àkísà àti ọta a sì tẹ̀lé e. Ọ̀pá ni ó ń tẹ gbogbo wọn mọ́ ìdí. Bí ọ̀pá bá kúrú, tí ọta dúró ní agbedeméjì, tí àlàfo sì wà láàárín òun àti ẹ̀tù, ìbọn lè fọ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Nígbà ogun Kírìjì (1877 sí 1893), àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn tí a ń kì láti ìdí gbà láti Èkó. Ìyẹn kò nílò ọ̀pá. Ṣakabùlà kò lè ṣe aláìní i.

Kí a tó gbẹ́ ọ̀pá rárá, kí a mọ̀ bóyá nǹkan wà nínú ìbọn. Ẹ̀tù tí bàbá kì sí i lè wà níbẹ̀ síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dúró síwájú ẹnu rẹ̀. Kí a ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí yóò fi dúró, kí a fi ẹfun sàmì sí ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba, kí a fà á yọ, kí a sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn níta, àmì náà ní ọ̀gangan ẹnu. Bí orí igi kò bá dé ọ̀gangan ihò tí iná ń gbà wọlé, nǹkan ń bẹ nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó mọ ìbọn ni kí ó lọ.

Igi líle tó ti gbẹ ni a fi ń ṣe ọ̀pá, kí iṣan rẹ̀ sì tọ́ gbọọrọ láti ìdí dé orí. Èyí tí iṣan rẹ̀ bá gba ìbú kọjá lè ṣẹ́, kí ẹnu rẹ̀ mú bí ọ̀kọ̀, kí ó sì gún àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń kì í. Nítorí náà, nítòsí ẹnu ìbọn ni kí a ti di ọ̀pá mú, kí a máa tì í díẹ̀díẹ̀. A kì í fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí rẹ̀. Kí ó gùn ju inú ìbọn lọ ní ìbú ọwọ́ kan. Kí ó máa wọ inú àwọn òrùka abẹ́ ìbọn láìfipá, nítorí igi a máa wú nígbà òjò. (Ọ̀pá ọ̀sùn tiwa kì í dùbúlẹ̀, abẹ́ ìbọn ni ibùsùn ti ọdẹ.)

Idẹ ni a fẹ́ràn jù láti fi dé orí rẹ̀, torí ó rọ̀ ju irin lọ, kì í sì í ta iná bí irin. Kí a kan ìṣó kékeré gba ara idẹ àti igi kọjá; àtè nìkan kò tó, orí náà yóò kàn kù sínú ìbọn ni. Kí a wá fi ọ̀bẹ fá àmì yíká ọ̀pá: ọ̀kan fún ìgbà tí ìbọn ṣófo, ìkejì fún ìgbà tí a kì í dáadáa.

Alágbẹ̀dẹ yóò ṣe irinṣẹ́ tí a lè yí mọ́ orí ọ̀pá: èyí tó ń di àkísà mú, àti èyí tó ní ẹnu méjì tó lọ́ mọ́ra, tí a fi ń fa àkísà tó bá há.

Eérú ẹ̀tù a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìpẹtà ló sì ń bí. Ọjọ́ tí a bá yìnbọn gan-an ni kí a fi omi gbígbóná fọ inú rẹ̀, kí a máa pààrọ̀ àkísà títí yóò fi jáde ní mímọ́. Kí a nù ún gbẹ, kí a fi òróró díẹ̀ pa á. Kí a nu òróró náà kúrò kí a tó tún kì í.

Lójú agbo, ẹ̀ṣẹ́ná lè kù nínú ìbọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dún; àkísà tútù ni kí ó kọ́kọ́ wọlé, kí a sì sinmi díẹ̀ kí ẹ̀tù mìíràn tó tẹ̀lé e. Kí olórí ọdẹ ka ọ̀pá gbogbo kí wọ́n tó yìn ín, nítorí ọ̀pá tí a gbàgbé sínú ìbọn yóò jáde bí ọfà.