Wọ́n ní panápaná kì í tètè dé: ẹ gbọ́ tẹnu Olómi

Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn ènìyàn wa máa ń sọ nípa panápaná. Èkíní ni pé wọn kì í tètè dé. Èkejì ni pé bí wọ́n bá dé pàápàá, omi wọn á ti tán. Láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu, láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Ìdáàṣà, ẹ ó gbọ́ ọ ní ìsọ̀ ọjà, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọlọ́kadà tí à ń pè ní zémidjan.

Nítorí náà ni a ṣe lọ bá ọ̀kan nínú àwọn pompier yìí kí a lè gbọ́ tẹnu tirẹ̀ náà. Ọmọ Kétu ni, Àjàṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó bẹ̀ wá pé kí a má dárúkọ òun, torí pé aṣọ ìjọba ló wà lọ́rùn òun, ẹnu òun kì í sì í ṣe ẹnu ọ̀gá òun. Àwọn ìyá ọlọ́jà tó wà nítòsí ilé rẹ̀ máa ń pè é ní Olómi. Orúkọ yẹn náà ni àwa ó máa pè é, a ó sì fi ẹ̀gbọ́n ṣáájú rẹ̀, torí pé ó jù wá lọ dáadáa.

"Gbogbo Àjàṣẹ́ ló mọ ìyá Àlàbá!"

Wákàtí 24 ni ẹ̀gbọ́n Olómi fi ń wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó lọ sílé lọ sinmi. Láàárọ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á yẹ ọkọ̀ pupa wò: ṣé omi kún inú rẹ̀, ṣé ẹ̀rọ tó ń fa omi ń ṣiṣẹ́, ṣé rọ́bà kò lu, ṣé àkàbà àti akoto pé. Lẹ́yìn náà wọ́n á sáré díẹ̀ kí ara lè le. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di kí wọ́n máa retí ìpè.

Ó ní: "Ìdúró yẹn ló le jù nínú iṣẹ́ wa. Fóònù kì í dún títí a ó fi gbé oúnjẹ kalẹ̀. Àní, oúnjẹ tútù ti mọ́ mi lára débi pé bí ìyàwó mi bá gbé ìrẹsì gbígbóná wá, tí mo rí i tó ń rú èéfín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lọ wá omi."

Bí fóònù bá wá dún, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé níbo ni? Ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Olómi sọ irú ìpè kan fún wa:

"Ẹ gbà wá o, iná ń jó!"
"Níbo lẹ wà, màmá?"
"Nínú ilé mi ni."
"Ilé yín wà níbo?"
"Ẹ̀gbẹ́ ilé ìyá Àlàbá."
"Ìyá Àlàbá ń gbé níbo, màmá?"
"Háà! Ẹ ò mọ ìyá Àlàbá? Gbogbo Àjàṣẹ́ ló mọ ìyá Àlàbá!"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó yára fi ọ̀rọ̀ sí i pé ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń wá ìyá Àlàbá, iná kò dúró dè wọ́n. Ilé tó pọ̀ jù ní àdúgbò wa ni kò ní nọ́ńbà, ọ̀pọ̀ òpópónà ni kò sì ní orúkọ tí ènìyàn mọ̀. Ohun tó fẹ́ kí ẹni tó bá pè sọ ni orúkọ àdúgbò, lẹ́yìn náà ohun kan tí àlejò pàápàá lè rí: mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé, ọjà, tàbí ilé epo. Kí ó sọ ohun tó ń jó, kí ó sọ bóyá ènìyàn wà nínú ilé. Kí ó má tètè pa fóònù. Kí ó sì rán ọmọ kan sí etí títì pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́ tàbí tọ́ọ̀ṣì bí ó bá jẹ́ òru, kí ó máa jù ú fún ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Ta ló pè wọ́n?

A wá bi í léèrè èyí tó wà lọ́kàn gbogbo ènìyàn: kí ló dé tí ẹ kì í fi í tètè dé?

Kò bínú. Ó ní lọ́jọ́ kan, àwọn dé ìdí ilé ìtajà kan tó ń jó, èrò sì hó lé àwọn lórí. Ọ̀kan nínú wọn bú àwọn débi pé ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Ẹ̀gbọ́n Olómi bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ pè wá?" Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní: "Èmi? Mo rò pé wọ́n ti pè yín." Wọ́n bi ẹnì kejì, òun náà rò bẹ́ẹ̀. Ẹnì kẹta ń fi fóònù ya fídíò lọ́wọ́, kò tilẹ̀ dáhùn.

"Ṣé ẹ mọ ẹni tó pè wá níkẹyìn?" ni ẹ̀gbọ́n Olómi bi wá. "Àbúrò ẹni tó ni ilé ìtajà ni. Kútọnu ló wà. Orí WhatsApp ló ti rí fídíò iná náà. Iná ń jó ní Àjàṣẹ́, ará Kútọnu ló pè wá!"

Àwa náà ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Níbi tí èrò bá ti pọ̀, kálukú á máa rò pé ẹlòmíràn ti ṣe é. Ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí ènìyàn mẹ́wàá pè ju kí ẹnì kankan má pè.

Àmọ́ a kò ní fi gbogbo ẹ̀bi lé àwọn ará ìlú lórí. Ẹ̀gbọ́n Olómi náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Ọkọ̀ tó bá ti wà níbi iná kan kò lè wà níbi èkejì. Ìlú tí panápaná bá jìnnà sí, bí awakọ̀ sáré bí ẹṣin, eérú ló máa bá. Èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìjọba gbọ́dọ̀ gbọ́, ó sì yẹ kí àwọn aṣojú wa ní ilé ìjọba ìbílẹ̀ máa rán wọn létí.

Ti omi tó ń tán ńkọ́? Ó ní kí a bá òun ṣe ìṣirò. Bí ọkọ̀ bá gbé 3000 lítà omi, tí rọ́bà kan ṣoṣo ń tú 500 lítà jáde ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 6 ni omi náà máa fi tán. "Ẹ̀yin rò pé a gbàgbé láti pọn omi ni. Omi wà nínú ọkọ̀ o, iná ló mu ún." Nítorí náà, ẹni tó bá mọ ibi tí kànga ńlá tàbí odò wà nítòsí, kí ó tètè fi hàn wọ́n. Ó wúlò ju èébú lọ.

Ewúrẹ́, oyin àti ejò

Àwọn tó bá rò pé iná nìkan ni panápaná ń pa, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Àwọn náà ni wọ́n ń pè bí ọkọ̀ bá forí sọ ọkọ̀, bí ènìyàn bá já sí kànga, bí odò bá gbé ènìyàn lọ, bí oyin bá wọ inú kíláàsì ilé ìwé. Nígbà mìíràn, wọ́n á ní ewúrẹ́ ló kó sí kànga.

Ẹ̀gbọ́n Olómi ní àwọn fa ewúrẹ́ kan jáde lọ́jọ́ kan, ó ku díẹ̀ kí okùn já. Bàbá tó ni ewúrẹ́ dúpẹ́, ó súre, ó wá ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí ẹ ti wà níbẹ̀ yẹn, garawa mi kan já sí i lọ́dún tó kọjá. Ẹ bá mi wò ó."

Ti oyin ńkọ́? Gbogbo àdúgbò á sá lọ. Bí ó bá ti rọ̀, wọ́n á padà wá pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, wọ́n á ní: "Ọ̀gá, oyin dà?"

A bi í pé ṣé kì í bẹ̀rù ejò. Ó ní: "Mo ń bẹ̀rù ejò gan-an. Aṣọ tí mo wọ̀ yìí ni kò gbọdọ̀ bẹ̀rù. Bí mo bá bọ́ ọ sílẹ̀, tí ẹ pariwo ejò, ẹ ò ní bá mi."

Nílé, àwọn ọmọ rẹ̀ á máa lu ìkòkò, wọ́n á máa ké "pín-pọ́n, pín-pọ́n" lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá sì fẹ́ jóná, ìyàwó rẹ̀ á ní: "Panápaná wà nílé, kò kàn mí."

Ibi tí ẹ̀rín ti tán

Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. A rò pé ohun tó gbé ẹ̀gbọ́n Olómi ró nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dárúkọ epo kpayo, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Gbogbo wa la rántí Sèmè-Kraké. Ní ọjọ́ Sátidé, 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, iná ṣẹ́ yọ níbi tí wọ́n ti ń já epo fàyàwọ́ sílẹ̀ nítòsí ibodè Nàìjíríà. Àwọn aláṣẹ kéde pé ó kéré tán ènìyàn 34 ló kú, ọmọ ọwọ́ méjì wà nínú wọn. Lọ́dún yẹn kan náà, ní oṣù Kìíní, ọkọ̀ èrò kan àti ọkọ̀ akẹ́rù forí sọra wọn nítòsí Ìdáàṣà, iná sì sọ. Ènìyàn tó lé ní 20 ló bá a lọ.

Ẹ̀gbọ́n Olómi kò bú àwọn tó ń ta kpayo. Ó ní òun mọ ìdílé tó ń fi í san owó ilé ìwé ọmọ, òun sì mọ̀ pé ebi kì í gbọ́ ìwàásù. Ohun tó ń dun òun ni ibi tí wọ́n ń kó o sí. Bí òun bá lọ kí ará ní abúlé, òun á rí bidon epo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ ń sùn lé. Òun á rí ìgò epo létí títì lálẹ́ àti àtùpà tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún wa pé epo tí à ń rí kọ́ ló kọ́kọ́ ń gbiná. Ooru rẹ̀ tí a kò rí ni. Ooru náà máa ń rìn nílẹ̀, ó lè rìn jìnnà dé ìdí ààrò, kí iná sì tọ ipa rẹ̀ padà wá bá epo. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń dáná nínú àgbàlá fi lè sọ pé òun kò sún mọ́ epo, kí iná sì ti mú ilé.

Ó wá ní: "Ẹ máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣé ẹ ti rí ilé tálákà tó jó? Kí ló bù sí i? Èmi ni mo máa ń wọlé lẹ́yìn tí iná bá kú. Mi ò tíì rí ẹwà níbẹ̀ rí."

Ohun tí ẹ lè ṣe kí wọ́n tó dé

A ní kí ó fi ìmọ̀ràn lé wa lọ́wọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ jìnnà sí ìlú ńlá. Ó ní:

Bí òróró bá gbiná nínú agbada, ẹ má da omi sí i. Omi á mú kí iná náà fò sókè. Ẹ pa ààrò tàbí gáàsì, kí ẹ fi ìdérí tàbí aṣọ tí a rẹ sómi tí a sì fún dáadáa bò ó.

Bí epo bẹntiróòlù bá ń jó, omi kò lè pa á. Orí omi ló máa léfòó sí, á sì máa jó lọ. Iyẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ dà sí i bí iná náà bá kéré. Bí ó bá pọ̀, ẹ sá, kí ẹ kó ọmọ jáde. Ẹ má padà wọlé nítorí ẹrù.

Bí iná bá jó ènìyàn lára, omi tútù tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí ojú ibẹ̀ fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín, epo pupa tàbí ẹyin ra á.

Bí alùpùpù tàbí ọkọ̀ bá ṣubú, ẹ má wọ́ ẹni tó fara pa, àfi bí iná tàbí omi bá fẹ́ pa á níbẹ̀. Ẹ má fún un lómi mu. Ẹ dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró kí wọ́n má bàa gùn ún mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, nígbà ọyẹ́, ẹ ro etí oko mọ́ yíká kí ẹ tó sun igbó, ẹ má sì sun ún nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́.

Bí ẹ bá sì gbọ́ pín-pọ́n lẹ́yìn yín lójú títì, ẹ yà. Ẹni tí wọ́n ń sáré lọ gbà lè jẹ́ ènìyàn yín.

Nọ́ńbà panápaná ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni 118. Ní Togo náà, 118 ni. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń kọjá sí Nàìjíríà, 112 ni kí ẹ pè níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ìsọ̀ yín, kí ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ. Kí ẹ sì ti mọ̀ láti òní ohun tí ẹ ó sọ bí wọ́n bá bi yín pé níbo lẹ wà, torí pé ẹ̀gbọ́n Olómi ní títí di òní, òun kò tíì mọ ìyá Àlàbá.