Láti Agége dé igbó Ọ̀ṣun: bí ẹ̀yin díẹ̀ ṣe lè fi ọjọ́ kan wo ọgbà tí Àdùnní Olórìṣà fi sílẹ̀

Ẹ̀yin olólùfẹ́ wa ní Agége, Ògbà, Àgídíngbí, Ìjù àti gbogbo agbègbè Ọba Àkran, a mọ bó ṣe ń rí. Láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, ariwo ẹ̀rọ ni, èéfín jẹnẹrétọ̀ ni, họ́ọ̀nù tírélà ni. Ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo tó kù, aṣọ fífọ̀ àti òde ìnáwó ti gbà á tán. Ẹni tó bá kàn fẹ́ jókòó sábẹ́ igi kò ní rìn jìnnà: ọgbà Ndubuisi Kanu àti ọgbà JJT wà ní Aláùsá níbí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá lè rí Sátidé kan gbà lọ́wọ́ ọ̀gá, ibì kan wà tó lé ní 200 kìlómítà sí wa tó yẹ kí ẹ fojú ara yín rí. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni.

Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí igbó òrìṣà nìyẹn, kí ló kan ọgbà ayàwòrán?" Ó kàn án gan-an. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí nìyẹn: ẹni tó dúró ti igbó náà tí kò fi run, bí èèyàn bíi mẹ́wàá ṣe lè lọ kí wọ́n sì padà lọ́jọ́ kan náà, àti ìdí tí kò fi yẹ kí ẹ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ni Àdùnní?

Susanne Wenger ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìlú Graz, ní orílẹ̀-èdè Austria, ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1915. Ayàwòrán ni. Graz àti Vienna ló ti kọ́ṣẹ́ náà. Lọ́dún 1950, òun àti ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, dé Ìbàdàn, nítorí ọkọ rẹ̀ rí iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ibẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni ikọ́ ẹ̀gbẹ dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, wọ́n kó lọ sí Ẹdẹ, ibẹ̀ ló ti pàdé Ajagẹmọ, aworo Ọbàtálá. Ọ̀dọ̀ bàbá yìí ló ti gba ẹ̀sìn òrìṣà. Ó gbé Ìlobùú náà, kó tó wá fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Àdùnní Olórìṣà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Òṣogbo ló kú sí lọ́jọ́ kejìlá oṣù kìíní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93.

Nígbà tó dé Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun ò dúró dáadáa mọ́. Àwọn kan ń gé igi níbẹ̀, àwọn kan ń dọdẹ, àwọn kan ń pẹja nínú odò, àwọn olè sì ń jí ère àtijọ́ gbé lọ tà. Ojúbọ tó wà létí odò, ikán ti jẹ ẹ́. Wọ́n ní kó bá àwọn tún un ṣe. Iṣẹ́ àtúnṣe yẹn ló fà á wọlé, kò sì kúrò nídìí ẹ̀ mọ́ títí tó fi kú.

Bíríkìlà ló bá a ṣe é

Ibí yìí ló kan ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ jẹun. Àwọn tó bá Àdùnní ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọmọ yunifásítì. Bíríkìlà ni Adebisi Akanji kó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ nídìí iṣẹ́ ọnà. Kasali Akangbe Ogun ń gbẹ́ igi, Buraimoh Gbadamosi ń gbẹ́ òkúta, Saka Aremu náà wà níbẹ̀. Irin, amọ̀ àti sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ ère tó ga ju ilé lọ. Ohun tí bíríkìlà tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù ní Fágbà ń pò lójoojúmọ́ náà ni. Ẹ máa rí ère Ìyá Mòòpó, òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, bí ìkòkò mímọ àti aró rírẹ, tó na ọwọ́ sókè láàárín igi. Ẹ máa rí ògiri tí wọ́n mọ tó ń yí kọ́lọkọ̀lọ bí ejò, àti òrùlé ojúbọ tó gbé apá bí ẹyẹ tó fẹ́ fò.

Àwọn ará ilẹ̀ Faransé náà ní ọgbà ayàwòrán tiwọn. Claude Monet kó lọ sí abúlé Giverny lọ́dún 1883. Ó gbin òdòdó, ó gbẹ́ adágún omi, ó fi òṣíbàtà sínú ẹ̀, ó sì ń yà wọ́n títí tó fi kú lọ́dún 1926. Lónìí, àwọn èèyàn ń kó ara wọn jọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wọkọ̀ láti Paris lọ wò ó, wọ́n á sì padà lálẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀. Monet gbin ọgbà tiẹ̀ kó lè rí nǹkan yà. Àdùnní bá igbó tó ti wà tipẹ́, igbó tí kì í ṣe tiẹ̀, ó wá fi iṣẹ́ ọnà ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá gbé àáké wọbẹ̀ tó sì rí ère gàgàrà níwájú á mọ̀ pé igbó yìí ní ẹni tó ni ín.

Ìṣọ́ náà sì so èso. Lọ́dún 1965, ìjọba kéde pé apá kan igbó náà ti di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Lọ́dún 1992, wọ́n fẹ̀ ẹ́ títí tó fi kó gbogbo igbó náà pọ̀. Nígbà tó di 2005, UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé. Hẹ́kítà 75 ni gbogbo ẹ̀, ojúbọ àti iṣẹ́ ọnà inú ẹ̀ sì tó 40. Ká fi púlọ́ọ̀tì tiwa l'Ékòó wọ̀n ọ́n, 60 lọ́nà 120 ẹsẹ̀ bàtà: ó lé ní 1,000 púlọ́ọ̀tì. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ilẹ̀ ṣe ń lọ ní Agége. Ẹ rò ó wò, ṣé 1,000 púlọ́ọ̀tì lè ṣẹ́kù láàárín ìlú láìsí ẹni tó dúró gbọn-in tì í?

Kí ló dé tí a ní kí ẹ má pọ̀?

Ẹni mẹ́jọ sí méjìlá ló dáa jù. Àkọ́kọ́, ọ̀nà inú igbó náà tóóró, àwọn ibì kan ní àtẹ̀gùn, àwọn ibì kan sì ń yọ̀ nígbà òjò. Èkejì, ẹni kan ló máa mú yín káàkiri tí á máa ṣàlàyé. Tí ẹ bá jẹ́ 50, àwọn ará ẹ̀yìn ò ní gbọ́ nǹkan kan, fọ́tò nìkan ni wọ́n á máa yà. Ẹ̀kẹta, àwọn èèyàn ṣì ń jọ́sìn níbẹ̀ lójoojúmọ́, ariwo èrò kò sì bá ibẹ̀ mu. Ẹ̀kẹrin, bọ́ọ̀sì kan ló gbà yín, ó rọrùn láti kó owó jọ.

Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ má fi oṣù kẹjọ ṣe é. Oṣù yẹn ni ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo, nígbà tí Arugbá máa ń ru igbá lọ sódò tí èrò á sì kún fọ́fọ́. Ọdún náà dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ ò ní ráyè dúró wo ère kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Bí ẹ ṣe máa lọ

Ẹ fi ṣe àjọ. Ẹ yan ẹni kan tí á máa gba owó fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kí ó má bàa wúwo jù lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan mẹ́rin ni ẹ máa ṣírò: owó bọ́ọ̀sì ní àlọ àti àbọ̀, owó ìwọlé tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, owó oúnjẹ, àti nǹkan díẹ̀ fún ẹni tó bá mú yín káàkiri. Tí ẹ bá fẹ́ lo kámẹ́rà ńlá tàbí ká fídíò, ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà, torí owó ìyẹn sábà máa ń yàtọ̀.

Ẹ gbéra ní Agége ní aago márùn-ún ìdájí, kí ẹ tó bá sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ní Berger. Ẹ gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kí ẹ kọjá sí ọ̀nà Ifẹ̀, kí ẹ yà ní Gbọ̀ngán, kí ẹ wá gba ìhà Ẹdẹ wọ Òṣogbo. Tí ọ̀nà bá dáa, wákàtí mẹ́rin tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́, ẹ wádìí bóyá àwọn ìjọ ńlá tó wà lójú ọ̀nà náà ní ìpàdé lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má sì gba dẹ́rẹ́bà tó ti fi gbogbo òru ṣiṣẹ́. Ẹ kúrò ní Òṣogbo ní aago méjì ọ̀sán, ó pẹ́ tán aago mẹ́ta, kí ilẹ̀ má bàa ṣú mọ́ yín lọ́nà.

Rélùwéè ńkọ́? Lóòótọ́, láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láti Èkó lọ sí Mọ́níyà ní Ìbàdàn, ó sì ní ibùdókọ̀ ní Agége. Ó tutù, ó sì fini lọ́kàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n Mọ́níyà kì í ṣe Òṣogbo. Ẹ ṣì máa wọ mọ́tò láti ibẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ padà bá aago tí ọkọ̀ ojú irin máa gbéra. Tí ẹ bá fẹ́ sùn mọ́jú ní Òṣogbo, ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, bọ́ọ̀sì ló yá jù.

Tí ẹ bá ti wọ inú igbó

Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ mú omi mímu dání láti ilé. Ẹ má gé ewé, ẹ má já òdòdó, ẹ má pẹja, ẹ má sì lé ẹranko kankan, torí èèwọ̀ ni. Ọ̀bọ pọ̀ níbẹ̀, ojú wọn sì ti là: ẹni tó bá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀pà lọ́wọ́, kó fi pamọ́ sínú báàgì. Ẹ má gun ère láti ya fọ́tò. Tí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ òrìṣà tàbí tó ń gbàdúrà, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó yà á.

Ọ̀rọ̀ omi odò Ọ̀ṣun, ẹ fetí sí i dáadáa. Látìgbà tí àwọn kan ti ń wa góòlù láìgba àṣẹ ní ìhà Ìjẹ̀ṣà, ní òkè odò náà, ni omi ti yí padà di pupa rúsúrúsú. Lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra ẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn má mu ún. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bu omi náà wá fún ìyá àgbà nílé, ẹ sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílùú, ẹ béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kí ẹ wo ilé Àdùnní ní òpópónà Ìbòkun. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, wọ́n kọ́ ọ bíi ti àwọn Àgùdà. Ibẹ̀ ló gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

"Mùsùlùmí ni mí. Krìstẹ́nì ni mí. Ṣé mo lè lọ?"

Ìbéèrè tó tọ́ ni, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi ṣe ẹnikẹ́ni yẹ̀yẹ́. A ò ní parọ́ fún yín pé ibẹ̀ kì í ṣe ojúbọ. Ojúbọ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ wo iṣẹ́ ọwọ́, ìyẹn ò sọ pé ó ti bọ òrìṣà. Kò sí dandan pé kí ẹ kúnlẹ̀ níbì kankan, tí wọ́n bá sì fi nǹkan lọ̀ yín tí ẹ ò fẹ́, ẹ lè sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹ ò ṣe é. Ẹ tún wo orúkọ àwọn tó bá Àdùnní mọ ère wọ̀nyẹn: Buraimoh, Kasali, Saka. Orúkọ ọmọ ilé Mùsùlùmí ni wọ́n. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá gbé e, kó jókòó sílé, kò sí ìjà níbẹ̀.

Kí ló dé tó fi yẹ kí ẹ má fi í falẹ̀?

Torí sìmẹ́ńtì náà ń gbó. Òjò ń lu ère wọ̀nyẹn, ewédò ń hù lára wọn, gbòǹgbò igi ń là wọ́n, irin inú wọn sì ń dípẹtà. Àdùnní ti lọ. Lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ náà ti lọ, àgbà sì ti dé sí àwọn tó kù. Ère báyìí kò ní tún ara ẹ̀ ṣe. Ọwọ́ tó mọ irin àti sìmẹ́ńtì ló máa tún un ṣe, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ ní àdúgbò wa níbí.

Nítorí náà, nínú ẹni mẹ́wàá tí ẹ máa kó sínú bọ́ọ̀sì yẹn, ẹ fi àyè kan sílẹ̀ fún ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà tàbí iṣẹ́ wẹ́dà ní òpópónà yín. Ẹ bá a san tiẹ̀. Ẹ mú un dé iwájú iṣẹ́ Adebisi Akanji, kí ẹ sọ fún un pé bíríkìlà ló ṣe é. Kí ẹ wá jẹ́ kó dúró wò ó títí tó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹ lọ re, ẹ bọ̀ re o.