Láàárín Àsọtẹ́lẹ̀ àti Ìfojúdíwọ̀n

Àsọtẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu Yorùbá nígbà tí a bá ń sọ nípa ohun tí kò tí ì ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wòlíì ni. Àsọtẹ́lẹ̀ kì í ní ìwọ̀n àṣìṣe: ó lè ṣẹ, ó sì lè má ṣẹ. Iye tí onímọ̀ ìṣirò ń fà yọ láti inú dátà àtẹ̀yìnwá kò rí bẹ́ẹ̀. Bí dátà bá yí padà, tàbí bí ìlànà bá yàtọ̀, iye náà yóò yí padà. Nítorí náà ni 'ìfojúdíwọ̀n' fi yẹ ẹ́ ju 'àsọtẹ́lẹ̀' lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ètò ìkànìyàn Nàìjíríà ṣe àpẹẹrẹ. Ti ọdún 1991 ka 88,992,220 ènìyàn. Ti 2006 ka 140,431,790. Bí a bá fẹ́ fi méjèèjì díwọ̀n iye ènìyàn ní 2020, àwọn ìlànà ìṣirò tí a ti kọ́ sínú kọ̀ǹpútà wà nílẹ̀. Nínú Excel, ọ̀kan ń jẹ́ FORECAST.LINEAR, èkejì ń jẹ́ GROWTH. Ti àkọ́kọ́ ń fa ìlà títọ́: ó gbà pé iye kan náà, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.43, ni ó ń kún un lọ́dọọdún. Èkejì gbà pé ìdá kan náà, nǹkan bí 3.1 nínú ọgọ́rùn-ún, ni ó ń kún un, gẹ́gẹ́ bí èlé orí èlé. Àkọ́kọ́ mú mílíọ̀nù 188.4 jáde, èkejì mú mílíọ̀nù 215. Ìyàtọ̀ wọn ju mílíọ̀nù 26 lọ. Ẹni tí ó ń ṣètò ilé-ẹ̀kọ́ tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára kò gbọdọ̀ fojú fo irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ kò ṣìṣe. Dátà kan náà ni. Èrò tí ó wà lẹ́yìn ìlànà ni ó yàtọ̀, ẹni tí ó sì yan ìlànà ni ó yan èrò. Pẹ̀lúpẹ̀lù, iye méjì péré kò tó láti fi wọn àṣìṣe, nítorí pé ìlà méjèèjì ni ó gba orí wọn kọjá láìyẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ́ pé 'àsọtẹ́lẹ̀' ni èyí yóò béèrè bóyá ó ṣẹ. Èyí tí a kọ́ ní 'ìfojúdíwọ̀n' yóò béèrè bí àṣìṣe rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ìbéèrè kejì ni ti sáyẹ́ǹsì.

A lè sọ pé ìfojúdíwọ̀n dà bí ìgbà tí oníṣòwò ń fi ojú wo òkìtì iṣu lásán. Àríwísí náà ní ìdí, ṣùgbọ́n 'díwọ̀n' wà nínú ọ̀rọ̀ náà, a sì lè fi 'oníṣirò' kún un níbi tí ó bá yẹ: ìfojúdíwọ̀n oníṣirò.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá lọ́rọọrún. Onímọ̀ ìṣirò pàápàá kò gbọdọ̀ díwọ̀n lẹ́ẹ̀kan kí ó sì pa ìwé dé: bí dátà tuntun bá dé, kí ó tún un ṣe.